Òwú àti Owú Lẹ́nu Mi

Ọlọ́run tó to eyín sí ẹnu ọmọ ènìyàn, tó mọ èyí tó yẹ kó dúró àti èyí tó yẹ kó kúrò, òun ni mo jáde wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mo rí i pé olùdarí ìsìn ti ń wo aago, ṣùgbọ́n nọ́ńbà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi, mi ò sì fẹ́ fo ìkankan. Ẹnu tí mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, agbára káká ni ṣíbí tíì fi ń wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ̀ mí, Tóyìn ni orúkọ mi, Ìyá Dára. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ praimárì kẹta níhìn-ín ní Àkúrẹ́.

Yàrá dókítà eyín kan nínú ìlú yìí ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń dùn mí, mo rò pé kòkòrò ló jẹ eyín kan. Dókítà fi àwòrán ẹ́síréè mi há ara gíláàsì kan, ó tan iná ẹ̀yìn rẹ̀. Ha! Mo rí eyín mi! Gbogbo wọn dúró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé tó tò sórí ìlà láàárọ̀, àfi méjì tó wà lẹ́yìn pátápátá nísàlẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àwọn yẹn dùbúlẹ̀ ni. Wọ́n na ara gbalaja, wọ́n wá fi orí gún eyín tó wà níwájú wọn nídìí. Dókítà ní eyín ọgbọ́n ni wọ́n ń pè é, pé ó máa ń pẹ́ kó tó hù, àyè kì í sì í sí fún un mọ́ nígbà tó bá dé. Èmi tí ìrora gbé wá, mo gbàgbé ìrora. Mo bi dókítà ní ìbéèrè mẹ́sàn-án. Nígbà tí mo bi í pé báwo gan-an ni eyín náà ṣe yí sí ẹ̀gbẹ́ tó, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

Ó ní, “Madam, ṣé nọ́ọ̀sì ni yín ni?”

Mo ní, “Rárá, sà. Tíṣà ni mí.”

Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ eyín ti wọ̀ mí lára. Kó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa yọ ọ́, mo ti wo fídíò mọ́kànlélọ́gbọ̀n lórí fóònù. Mo ra ìwé kan tó nípọn, mo fa ìlà sí i. Mo mọ iye wákàtí tí èèyàn ń gbé yìnyín sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, mo mọ ọjọ́ tí wíwú máa ń pọ̀ jù, mo mọ̀ pé èèyàn kò gbọdọ̀ fa nǹkan mu rárá, kódà kò gbọdọ̀ fi eyín já etí pure water kó máa fà á bí a ṣe ń ṣe. Mo fi rúlà wọn ẹnu ara mi nígbà tí mo bá là á dé ibi tó lè là dé, láti etí eyín iwájú tòkè sí etí eyín iwájú tìsàlẹ̀. Mìlímítà méjìlélógójì. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wọn ti ọkọ mi. Mo fẹ́ wọn ti àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi, àmọ́ ọ̀gá wa ní kí n jẹ́ kí àwọn èèyàn jẹun ọ̀sán wọn ní àlàáfíà.

Mo ní àbúrò obìnrin kan, Bùkọ́lá. Ọdún mẹ́rin ni mo fi jù ú lọ. Ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Oǹdó ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú ilé ìyá wa níbẹ̀ ló sì ń gbé. Èmi ni mo sọ fún un pé kó lọ ya ẹ́síréè, nítorí ìyá kan náà ló bí wa, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan náà ni. Kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀, ó kàn gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ni. Tirẹ̀ náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, méjì nísàlẹ̀ bíi tèmi, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò dùbúlẹ̀. Ó kàn fẹ̀yìn ti ògiri díẹ̀. Dókítà ní òun lè yọ tiwa lọ́jọ́ kan náà, nígbà tí iléèwé bá wà ní ìsinmi.

Nígbà tí a sọ fún ìyá wa, wọ́n ní, “Ọgbọ́n tí kò tíì tó yín lò náà lẹ fẹ́ lọ yọ dànù?” A rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí àwa méjèèjì wá sinmi lọ́dọ̀ àwọn ní Oǹdó, kí ọkọ mi mójú tó àwọn ọmọ ní Àkúrẹ́.

Ibí ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Mi ò ní bo nǹkan kan.

Wọ́n kọ́kọ́ mú mi wọlé. Abẹ́rẹ́ mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kú tipiri, mi ò mọ ìrora kankan, àmọ́ mò ń wo aago ara ògiri. Wákàtí kan ó lé ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n gé eyín náà sí wẹ́wẹ́ kó tó jáde. Ó kan Bùkọ́lá. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n! Mo jókòó síta pẹ̀lú ẹnu tó kún fún gọ́ọ̀sì, aṣọ fẹ́lẹ́ funfun tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, mo rí i tó jáde tó ń rìn bí ẹni tó lọ ra búrẹ́dì. Nǹkan kan gún mi láyà. Mo rò pé ebi ni.

Ọkọ mi fi mọ́tò gbé wa lọ sí Oǹdó. Dókítà ní kí a fi eyín di gọ́ọ̀sì mú fún wákàtí kan. Nígbà tí wákàtí kan pé, Bùkọ́lá tu tirẹ̀ jáde, ẹ̀jẹ̀ ti dá. Tèmi kò dá. Ní wákàtí kejì, kò dá. Ní ìkẹta, itọ́ mi ṣì pupa. Bùkọ́lá ti ń mu ẹ̀kọ lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìyá wa sì ń sọ pé, “Àbí ẹ rí ọmọ yìí! Bí ẹni tí wọn kò ṣe nǹkan kan fún.”

Ìlànà tí dókítà kọ fún wa wà lórí tábìlì. Nọ́ńbà kẹfà níbẹ̀ sọ pé gọ́ọ̀sì nìkan ni kí a lò, kí a má ṣe lo òwú, nítorí òwú máa ń já sínú ojú ọgbẹ́. Èmi fúnra mi ni mo ṣàlàyé nọ́ńbà kẹfà yẹn fún Bùkọ́lá nínú mọ́tò, mò ń fi ọwọ́ júwe. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀sì tèmi ti tán, ti Bùkọ́lá ṣẹ́ kù rẹpẹtẹ nínú báàgì rẹ̀. Mi ò lè tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé kí n lọ bá àbúrò mi pé ẹ̀jẹ̀ tèmi kò tíì dá? Mo wọ yàrá ìyá wa, mo rí òwú kan tí wọ́n fi ń nu ọgbẹ́, mo ya á, mo ká a, mo fi ìka tì í sẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tó yá, ẹ̀jẹ̀ dá. Mo yọ òwú náà, mo jù ú nù, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ló jáde.

Láti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni mo ti ń wọn ẹnu wa láràárọ̀. Bùkọ́lá á jókòó sórí àga ìdáná, á la ẹnu, èmi á ki rúlà bọ̀ ọ́. Ọjọ́ kìíní lẹ́yìn yíyọ eyín, mo là á dé mẹ́tàdínlógún, òun là á dé mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ọjọ́ kejì, mẹ́rìnlá fún mi, ọgbọ̀n fún un. Èyí kò bà mí lẹ́rù, mo mọ̀ pé ọjọ́ kejì sí ìkẹta ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń wú jù. Ọjọ́ kẹta, èmi, méjìlá. Mo wọn Bùkọ́lá. Rúlà sọ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó bi mí pé mélòó ni, mo kà á sí i létí láàárín eyín, gẹ́lẹ́ bó ṣe rí. Nígbà tí mo wá mú báírò láti kọ ọ́, mo kọ ọgbọ̀n.

Ẹ̀yin ará, mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo yọ mìlímítà mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin mo tún yọ mẹ́ta. Lọ́jọ́ karùn-ún náà, àti gbogbo ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Èmi tí mo máa ń lu àwọn ọmọ nítorí wíwo iṣẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń dùn mí. Èmi ni mo ka ìwé! Èmi ni mo wo fídíò! Èmi ni mò ń fi omi iyọ̀ yọnu ní wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, mò ń gbé orí lé ìrọ̀rí méjì sùn, mò ń lo oògùn ní aago tí wọ́n kọ sí i gan-an. Bùkọ́lá gbàgbé oògùn lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá wa gún iyán tó rọ̀, Bùkọ́lá jẹ òkèlè méje. Mo kà á. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo gbọ́ tí nǹkan ń ró kàù-kàù nínú yàrá, mo yọjú, gúgúrú ló ń jẹ! Èmi wà nídìí ife ẹ̀kọ, mò ń fi ìdí ṣíbí da á gba àárín eyín, ìdajì rẹ̀ ń ṣàn sí mi ní àgbọ̀n.

Àwọn ìyá ìjọ tí ìyá wa ń lọ wá kí wa. Wọ́n wọlé, wọ́n rí mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kan ti tóbi ju ìkejì lọ.

Ọ̀kan nínú wọn ní, “Háà! Ìyá Dára, ṣé ẹ gbé ọsàn sẹ́nu ni? Ẹ pẹ̀lẹ́ o.”

Wọ́n wá yíjú sí Bùkọ́lá. “Ìwọ ni o tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ? O ṣeun, ọmọ rere.”

Ìyá wa ní, “Ta ló ń tọ́jú ta? Wọ́n yọ tòun náà!”

“Irọ́ ni! Kí wọ́n yọ eyín méjì, kí ojú máa dán báyìí? Ara ọmọ yìí dára o. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́.”

Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́! Kí ni tèmi wá jẹ́? Mo fẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé eyín tèmi dùbúlẹ̀, tirẹ̀ kò dùbúlẹ̀, pé wọ́n gé tèmi sí wẹ́wẹ́, pé kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá. Ẹnu kò là. Mo ń pariwo “Mm, mm,” wọ́n ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, kí n lọ dùbúlẹ̀.

Ní ọjọ́ keje a padà sí Àkúrẹ́ kí wọ́n lè tú okùn tí wọ́n fi rán an. Ti Bùkọ́lá, ìṣẹ́jú mẹ́ta. Tèmi, mìlímítà mẹ́rìnlá ni mo lè là, irin dókítà kò ráyè. Ó rí nǹkan funfun lójú ọgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ eyín máa ń funfun nígbà tó bá ń jinná, ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó bi mí pé, “Ṣé ẹ fi nǹkan kan síbẹ̀ nílé?” Mo mi orí pé rárá. Bùkọ́lá wà níbẹ̀, ẹ̀yin ará. Mi ò lè jẹ́wọ́ nọ́ńbà kẹfà níwájú rẹ̀.

Dókítà ní òun á pààrọ̀ oògùn, kí n padà wá lọ́jọ́ kẹrìnlá. Ó ní bí ẹnu mi kò bá tó mìlímítà márùndínlọ́gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn, òun á kọ ìwé fún mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n mú mi sùn pátápátá, kí wọ́n tún ibẹ̀ là, kí wọ́n wo ohun tó ń ṣe é. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti wo fídíò irú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni iléèwé máa wọlé, tíṣà tí kò lè la ẹnu, kí ló fẹ́ kọ́ ọmọ?

Àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, nígbà tí a ti padà sí Oǹdó, ni mo mọ ohun tí mo ti dà. Bùkọ́lá ń jẹun lọ́wọ́, ó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ. Ó kígbe “Yéè!” ó di ẹnu mú, omi bọ́ lójú rẹ̀. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Inú mi dùn, ó dùn dénú egungun mi. Ọmọ tí mo pọ̀n lẹ́yìn lọ sí iléèwé. Ẹ̀rù ara mi bà mí ju ẹ̀rù ọ̀bẹ dókítà lọ.

Mo wọ yàrá lọ, mo mú fóònù, mo kọ̀wé sí Màmá ìjọ wa, ìyàwó pásítọ̀, wọ́n jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn, wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ohun tí mo kọ nìyí: “E kaaro Mama. E jowo e gbadura fun mi. Owu n yo mi lenu gan-an. Mi o le so fun enikeni nile.”

Owú ni mo kọ. Re, mí. Owú tí èèyàn ń jẹ. Àmọ́ Màmá mọ̀ pé wọ́n yọ eyín mi, wọ́n mọ̀ pé ẹnu mi kò là. Wọ́n kà á sí òwú. Dò, mí. Òwú ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni nílé nítorí ẹnu rẹ̀ ti dì! Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n pe ìyá wa.

Mo wà nínú yàrá, mo gbọ́ ohùn Màmá nínú fóònù tí ìyá wa ti ṣí ohùn rẹ̀ sókè. “Màmá Tóyìn, ẹ dìde! Òwú wà lẹ́nu ọmọ yín! Ó kọ̀wé sí mi tẹkún-tẹkún!”

Ìyá wa ní, “Òwú kẹ̀? Ta ló fi òwú sí i?”

“Ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ná.”

Ìyá wa sáré wọlé, Bùkọ́lá tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gbé fóònù sí mi lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Màmá ké bí ẹni tó dúró sáàárín yàrá náà: “Gbogbo òwú tó bá sá pamọ́ sí ẹnu Tóyìn, mo pàṣẹ fún ọ lórúkọ Jésù, jáde!”

Ìyá wa ní, “Àmín!”

Bùkọ́lá ní, “Àmín!”

Èmi ń mi orí, mò ń pariwo “Mm-mm! Mm-mm!” Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe òwú. Wọ́n rò pé èmi náà ń ṣe àmín, ni wọ́n bá tún ohùn gbé sókè.

Nígbà tí àdúrà parí, Bùkọ́lá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó tan iná fóònù, ó fi ìdí ṣíbí fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wò. Ó ní, “Funfun ni mo rí, mi ò mọ ohun tó jẹ́.” Ó wá wo ojú mi. “Àǹtí Tóyìn, ẹ má purọ́ fún mi. Ṣé ẹ fi òwú sí ibí yìí?”

Ẹ̀yin ará, mo ti ní owú nínú mi débi pé mi ò ronú pé òwú lè ṣẹ́ kù sí ẹnu mi! Ọ̀rọ̀ tí Màmá ṣì kà ló wá já sí òtítọ́ tí mo fi pamọ́ fún dókítà. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, “Ẹ̀yin! Nọ́ńbà kẹfà!”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, àwa méjèèjì wọ bọ́ọ̀sì Àkúrẹ́ láti Oǹdó. Bùkọ́lá gbé orí mi lé èjìká rẹ̀. Ó ń sọ pé, “Ó dáa tí ẹ sọ fún Màmá ìjọ yín. Ẹ gbìyànjú. Èèyàn mìíràn á ti máa tijú.” Ọ̀rọ̀ rere yẹn dùn mí ju eyín lọ. Mi ò lè gbà á. Mo fa ìwé mi yọ, mo mú báírò, mo kọ ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe ń kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ mi, mo fi gbogbo àmì sí i: “Kì í ṣe òwú ni mo kọ. Owú ni. Ìwọ ni mò ń jowú.”

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó gbé ojú sí ojú fèrèsé. Ìta ló ń wò títí a fi kọjá Ọ̀wẹ̀nà. Mo rò pé mo ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá ó na ọwọ́, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i láti ẹ̀yìn. Ojú ìwé tí mo fi rúlà fa ìlà sí. Tóyìn lápá kan, Bùkọ́lá lápá kejì.

“Àǹtí, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ kà sí mi létí lọ́jọ́ kẹta. Ọgbọ̀n lẹ kọ síbí.”

Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

“Ọjọ́ karùn-ún, méjìdínlógójì lẹ sọ. Márùndínlógójì nìyí.” Ó ka àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yíjú sí mi, ó lanu. “Mo mọ ẹni tó ń jí ẹran nínú ọbẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó ń jí mìlímítà!”

Ìyá kan tó jókòó níwájú wa bojú wẹ̀yìn pé kí ni wọ́n jí. Bùkọ́lá ní, “Ẹnu mi ni, Mà. Ẹ̀gbọ́n mi ló jí i.” Ẹ̀rín gbà á. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò gbà, omi ojú ló rọ́nà jáde. Ó gba báírò, ó fi mẹ́ta kún gbogbo nọ́ńbà tó wà lápá tirẹ̀ látọjọ́ kẹta, kò fo ìkankan. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, “Ó dùn mí o. Mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a yọ òwú yẹn kúrò ná.”

Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ fún dókítà pé mo fi òwú sí i, pé irọ́ ni mo pa lọ́jọ́ keje. Kò bú mi. Ó fún mi ní abẹ́rẹ́, ó fi omi fọ ojú ọgbẹ́ apá òsì, ó ki irin tín-ín-rín kan bọ̀ ọ́. Mo ń wo ojú Bùkọ́lá, òun náà ń wo ojú mi. Dókítà fa nǹkan kan jáde, ó gbé e sórí gọ́ọ̀sì. Òwú! Ó ti yí àwọ̀ padà, ó ń rùn. Bùkọ́lá yọ rúlà látinú báàgì mi, ó wọn òwú náà fún mi kí n má bàa dìde. Mìlímítà mọ́kànlá. Dókítà fi oògùn kan tó ń ta sánsán bíi kànáfùrù dí ojú ibẹ̀. Kí a tó dé ibùdókọ̀, ìrora tó ti ń gbọ̀n mí lórí láti ọjọ́ kẹta ti lọ, ó lọ bí ẹni tó pa iná.

Ẹ ṣáà yin Olúwa bí mo ṣe ń sọ ọ́ lọ!

Bùkọ́lá ló ń wọn ẹnu mi láti ọjọ́ náà, ó gba rúlà lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹni tó bá jalè kì í di akápò mọ́. Ọjọ́ kẹwàá, mọ́kàndínlógún. Mò ń to igi áísìkirímù léra wọn sáàárín eyín, mò ń fi ọ̀kan kún un lójoojúmọ́, bí dókítà ṣe kọ́ mi. Ọjọ́ kejìlá, méjìlélógún. Ọjọ́ kẹtàlá, mẹ́rìnlélógún, mi ò lè jẹun nítorí àníyàn. Ọjọ́ kẹrìnlá pé. Dókítà fi rúlà tirẹ̀ wọ̀n mí, Bùkọ́lá kúnlẹ̀ sí ìta, wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn náà. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Dókítà ya ìwé tó fẹ́ fi rán mi lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọn kò là mí mọ́. Lọ́jọ́ tí iléèwé wọlé, mo dúró níwájú àwọn ọmọ mi, mo kọ dò-re-mí sójú pátákó, ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n.

Màmá ìjọ, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ kan ni mo kọ sí yín, ẹ gbàdúrà lórí òmíràn, Ọlọ́run sì dáhùn méjèèjì. Òwú jáde lọ́jọ́ kan. Èkejì ń jáde díẹ̀díẹ̀, mi ò ní tàn yín. Lánàá Bùkọ́lá fi nọ́ńbà tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Oǹdó: mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó ti kọjá ibi tí mo wọ̀n ọ́n dé kí wọ́n tó yọ eyín rẹ̀! Ó ta mí láyà, bí abẹ́rẹ́ ṣe máa ń ta èèyàn. Mo jókòó, mo gbàdúrà, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé ní mẹ́rìndínláàádọ́ta, ó pé, kò dín.

Ẹ̀yin ará, ẹ dìde, ẹ la ẹnu yín dé ibi tó bá lè là dé, kí ẹ bá mi fi ògo fún Ẹni tó tú ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀. Kí n tó kúrò nílé láàárọ̀ yìí, mo dúró níwájú dígí, ọkọ mi ló di rúlà mú. Ìka mẹ́ta wọlé láìfi agbára tì í, rúlà sì sọ mìlímítà mọ́kànlélógójì.